Bí Mo Ṣe Gbà Á Ni Mo Ṣe Fi Ránṣẹ́

*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*
*Bíbélì kíkà:* 2 Sámúẹ́lì 18:19-32, Jóṣúà 22:10-34

Ẹ jọ̀ọ́, ti òní gùn díẹ̀. Bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀, ẹ máa kà á díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi dé ibi iṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń wakọ̀, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ ó bá a níbẹ̀.

Gbólóhùn kan wà tí gbogbo wa mọ̀ dáadáa lórí WhatsApp. Ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ gígùn ló máa ń wà, lẹ́yìn gbogbo ìkìlọ̀ àti àwòrán ojú tó ń sunkún: "Bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe fi ránṣẹ́ o." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Bó bá jóòótọ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí kò bá jóòótọ́, ẹ má bi mí.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò láàárọ̀ yìí ni pé: ṣé gbólóhùn yẹn lè wẹ ọwọ́ wa mọ́ níwájú Ọlọ́run? Bí mo bá fi irọ́ ránṣẹ́ láìmọ̀ pé irọ́ ni, tó sì jẹ́ pé ìfẹ́ ni mo fi ṣe é, ṣé mo jẹ̀bi?

Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká padà sí ọdún 2014 ní Èkó yìí.

Àwọn tó wà ní Èkó nígbà náà kò lè gbàgbé. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Patrick Sawyer ti Làìbéríà wá, ó sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Èkó pẹ̀lú àrùn Ẹ̀bólà lára. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Obáléńdé. Ibẹ̀ ni Dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti kọ̀ láti jẹ́ kó jáde sí ìgboro, bí wọ́n tilẹ̀ ń fúngun mọ́ wọn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ọkùnrin náà kú ní ọjọ́ 25 oṣù Keje. Dókítà Adadevoh fúnra rẹ̀ kó àrùn náà, òun náà kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ẹ̀rù bo gbogbo Èkó. A ò bọ ara wa lọ́wọ́ mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú dáńfó, bí ẹnì kan bá wúkọ́ pẹ́nrẹ́n, gbogbo ọkọ̀ á yíjú sí i.

Inú ẹ̀rù yẹn la wà tí iṣẹ́ kan fi jáde lóru, níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ ni. Wọ́n ní kí oníkálukú gbé omi gbígbóná, kó da iyọ̀ sí i, kó fi wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kó sì mu nínú rẹ̀, pé Ẹ̀bólà kò ní lè mú un. Àwọn kan gbà á lórí BlackBerry, àwọn kan lórí WhatsApp, àwọn mìíràn gba àtẹ̀jíṣẹ́, ọ̀pọ̀ sì wà tí wọ́n pè lórí fóònù, tí wọ́n jí lójú oorun. Ìyá ń pe ọmọ ní yunifásítì, ọmọ ń pe ìyá ní abúlé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ká Nàìjíríà. Ẹni tó ń pe ènìyàn rẹ̀ lóru yẹn kò fẹ́ ibi fún un. Ìfẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n iyọ̀ tó bá pọ̀ jù nínú omi mímu, májèlé ló ń dà lára, pàápàá fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Àwọn ìwé ìròyìn wa sọ nípa àwọn tí wọ́n gbé dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn ní Jọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin ará, Ẹ̀bólà kò dé Jọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ tí a fi ń sá fún Ẹ̀bólà ló débẹ̀.

Wàyí o, ta ló pa àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn?

Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ ni ọ̀pọ̀ wa máa dárúkọ. Òótọ́ ni, ọwọ́ tirẹ̀ kò mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ẹnì kan ṣoṣo kò lè kan ilẹ̀kùn gbogbo Nàìjíríà lóru ọjọ́ kan. Ó ní àwọn tó bá a gbé e. Ọ̀rọ̀ náà rìn torí pé àbúrò gba ẹ̀gbọ́n gbọ́, ọmọ ìjọ gba ìyá ìjọ gbọ́. Ẹni tó mu omi iyọ̀ kò mọ ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tó fi ránṣẹ́ sí i ló mọ̀, òun ló fọkàn tán, nítorí tirẹ̀ ló ṣe gbé ife sẹ́nu. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ tí kò ní baba, bí mo bá ti fi ránṣẹ́ sí yín, orúkọ mi ló máa jẹ́ lọ́dọ̀ yín.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ajíhìnrere, ṣebí bíi ti ẹni tó ń pín lẹ́tà ni tèmi. Bí ọ̀rọ̀ burúkú bá wà nínú lẹ́tà, wọn kì í mú ẹni tó gbé e wá." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pín lẹ́tà kì í já a wò. Kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Òun kọ́ ló sì yan ẹni tí yóò gbé e fún, orúkọ ti wà lára rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Àwa ńkọ́? A ti ṣí i, a ti kà á, ó ti bà wá lẹ́rù tàbí kó múnú bí wa, a wá fi ìka wa yan àwọn tí a fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó ṣe báyẹn kì í ṣe apínlẹ́tà mọ́. Ó ti sọ̀rọ̀. Nínú Ẹ́kísódù 23, níbi tí Olúwa ti ń kọ́ Ísírẹ́lì bí wọn yóò ṣe máa ṣe ẹ̀tọ́ sí ara wọn, ohun àkọ́kọ́ tó kìlọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ni gbígbé ìròyìn èké kiri. Kì í ṣe ẹni tó hùmọ̀ rẹ̀ nìkan ló bá wí.

Ẹ jẹ́ ká wo Áhímásì nínú Bíbélì kíkà wa. Ogun ti parí, Ábúsálómù ti kú nínú igbó. Áhímásì ní òun fẹ́ sáré lọ bá ọba. Jóábù ní rárá, kì í ṣe lónìí. Jóábù wá pe ará Kúṣì kan, ó ní kó lọ sọ ohun tó rí fún ọba. Ẹ kíyè sí i o: ohun tó rí. Áhímásì kò gbà. Ó ní ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, òun á sáá sáré. Jóábù bi í léèrè ìdí tó fi fẹ́ sáré nígbà tí kò sí èrè kankan fún un nínú ìròyìn náà. Ó ṣáà fẹ́ sáré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá ju ti ará Kúṣì lọ, òun ló kọ́kọ́ dé.

Ọba Dáfídì ti jókòó sẹ́nu ibodè, àyà rẹ̀ ń já. Ìbéèrè kan péré ló wà lẹ́nu rẹ̀: ṣé ọmọ òun wà láàyè? Áhímásì tó kọ́kọ́ dé ní òun rí ìrúkèrúdò ńlá kan, ṣùgbọ́n òun ò mọ ohun tó jẹ́. Bóyá kò mọ̀ lóòótọ́ ni o, bóyá ẹ̀rù ló bà á láti sọ ọ́, ọ̀kan náà ló já sí fún bàbá tó ń dúró. Ọba ní kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo eré yẹn, ẹ̀gbẹ́ kan ló parí sí.

Ẹ̀mí Áhímásì wà nínú ọ̀pọ̀ wa. A fẹ́ kí wọ́n sọ ní gúrúùpù pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Áhímásì tiẹ̀ sàn díẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré, ó làágùn. Ìka tiwa kì í rẹ̀.

Kí ẹ má baà rò pé ẹlòmíràn ni mò ń bá wí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwòrán kan wọ fóònù mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Obìnrin kan di ọmọ kékeré kan lọ́wọ́ mú létí títì, ọmọ náà ń sunkún, ó ń fà sẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti ya obìnrin náà, ojú rẹ̀ kò hàn dáadáa. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé gbọ́mọgbọ́mọ ni, pé Ifákọ̀ níbí ló ti ń ṣọṣẹ́, kí gbogbo òbí ṣọ́ra. Àwọn ọmọ kéékèèké pọ̀ ní ìjọ wa. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù mẹ́ta, mo sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé, "Bí mo ṣe gbà á ni o, ẹ ṣọ́ àwọn ọmọ yín." Ni "Ẹ ṣé, Ajíhìnrere" bá ń wọlé lọ́tùn-ún lósì. Mo lọ sùn, inú mi dùn pé mo ti ṣiṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn.

Ọjọ́ kẹta ni mo gbọ́ pé ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ní òpópónà kejì sí ilé ìjọsìn wa ni. Ọmọ tó ń fà lọ, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Ọmọ náà kò fẹ́ lọ sí ilé ìwé láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ti lọ ká a mọ́ ibi tó ti ń tajà, wọ́n da igbá ẹ̀kọ rẹ̀ nù, ọpẹ́lọpẹ́ onílé rẹ̀ tó sáré jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tó ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan tí àwọn ènìyàn ò fi ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ará, èmi gan-an máa ń ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ màmá yìí. Ká ní mo fẹ àwòrán yẹn kó tóbi sí i, kí n wò ó fún ìṣẹ́jú kan péré, ǹ bá ti dá ìborùn rẹ̀ mọ̀.

Mo lọ bá a, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ni, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Màmá wò mí títí. Ó ní, "Ajíhìnrere, ká ní kì í ṣe èmi ńkọ́? Ká ní obìnrin mìíràn ni, ṣé ì bá dáa?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè yẹn ò sì tíì kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ ló tú mi fó. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tí mo mọ̀ ni. Ẹni tí mi ò mọ̀, mi ò tiẹ̀ rò ó pé ó ní ọmọ ọmọ, pé ó ní igbá ẹ̀kọ tí wọ́n lè dà nù.

Ẹ kíyè sí i pé àwòrán yẹn kò parọ́. Obìnrin wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọmọ ń sunkún lóòótọ́. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni irọ́. Irú rẹ̀ gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ogun sílẹ̀ nínú Jóṣúà 22. Àwọn ẹ̀yà Rúbẹ́nì, Gádì àti ìdajì Mánásè mọ pẹpẹ ńlá kan sétí Jọ́dánì. Ìròyìn dé etí àwọn ẹ̀yà yòókù. Pẹpẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀: wọ́n ní àwọn ará wọn ti kọ Olúwa sílẹ̀. Gbogbo wọn kóra jọ sí Ṣílò, ó di ogun. Ohun tó yọ wọ́n ni pé kí wọ́n tó yọ idà, wọ́n rán Fíníhásì ọmọ àlùfáà àti ìjòyè mẹ́wàá pé kí wọ́n lọ bá wọn sọ ọ́ lójúkojú. Àwọn yẹn ṣàlàyé pé pẹpẹ náà kì í ṣe fún ẹbọ, ẹ̀rí ni, kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọ̀la má baà sọ fún àwọn ọmọ tiwọn pé wọn ò ní ìpín nínú Olúwa. Ọ̀rọ̀ parí. Ìrìn àjò kan, ìbéèrè kan, ogun ò jà mọ́. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé agbẹ́jọ́ẹnìkandájọ́, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí kò tiẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ kankan tó ti dájọ́ ńkọ́?

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò. "Ajíhìnrere, bó bá wá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Ṣé kí gbọ́mọgbọ́mọ gbé ọmọ lọ nígbà tí a ṣì ń wádìí ni? Ṣé Ísíkíẹ́lì 33 kò kọ́ wa pé bí olùṣọ́ bá dákẹ́, Ọlọ́run yóò béèrè ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn, mi ò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Dídákẹ́ náà lè pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ tún orí yẹn kà. Ojú ara rẹ̀ ni olùṣọ́ yẹn fi rí idà tó ń bọ̀ kó tó fọn ìpè. Kò fọn ọ́n torí pé ó gbọ́ tí wọ́n ń fọn ọ́n ní ìlú kejì. Olùṣọ́ tó bá ń fọn ìpè lójoojúmọ́ fún ohun tí kò rí, lọ́jọ́ tí idà bá dé lóòótọ́, ta ni yóò dìde?

Ìwádìí kì í sì ṣe ìfàkókòṣòfò. Ẹ jẹ́ ká padà sí Èkó ọdún 2014 yẹn kan náà. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n lè fún wa nígbà náà. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣe ni pé wọ́n ń wá gbogbo ẹni tó ti súnmọ́ àwọn tó ní àrùn náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ní Èkó títí dé Port Harcourt. Ó tó 894 ènìyàn tí wọ́n tọ́pa rẹ̀. Ó tó ìgbà 18,500 tí wọ́n lọ bá wọn lójúkojú láti wò bóyá ara wọn ń gbóná. Ènìyàn 20 péré ló kó àrùn náà ní gbogbo Nàìjíríà, 8 ló kú nínú wọn, nígbà tó sì di ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlú kan náà, àsìkò kan náà, ẹ̀rù kan náà. Àwọn kan ń tẹ fóònù lóru. Àwọn kan ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n ń béèrè. Ẹ̀yin náà mọ èyí tó gbà wá là.

Ẹ má rò pé mò ń sọ pé fóònù ni èṣù o. Fóònù ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó ni WhatsApp pàápàá ti rí ibi tó ti ń jò. Ní 2018, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sára iṣẹ́ tó bá jẹ́ pé ẹni tó fi ránṣẹ́ kọ́ ló kọ ọ́. Ní 2019, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ lọ sí ju ibi márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù Kẹrin 2020, nígbà kòrónà, wọ́n ní èyí tó bá ti rìn jìnnà, ibì kan ṣoṣo ló lè lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá rí ọfà méjì lókè iṣẹ́ kan, ẹ mọ̀ pé ó ti kọjá lọ́wọ́ ènìyàn márùn-ún, ó kéré tán, kó tó kàn yín. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọfà lè dín eré wa kù, kò lè sọ wá di olóòótọ́. Iṣẹ́ ọkàn wa nìyẹn.

Nítorí náà, kí ni ká máa ṣe? Ohun tí ẹ bá fojú ara yín rí, ẹ sọ pé ẹ rí i, ẹ sọ ibi tó wà àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí ẹ gbọ́, ẹ kọ́kọ́ pe ẹnì kan tó ń gbé níbẹ̀, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ oògùn tàbí ohun mímu, nọ́ọ̀sì wà nínú ìjọ wa, ẹ bi í. Bó bá jẹ́ ẹ̀sùn tó lè ba ayé ènìyàn jẹ́, àgọ́ ọlọ́pàá ló yẹ kó lọ, kì í ṣe gúrúùpù ìjọ. Bí ẹ ò bá rí ẹni bi, ẹ fi í sílẹ̀. Kò sí ibi tí Olúwa ti ní a jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ọ̀rọ̀ tí a kò mọ̀ dájú. Bí ohun tó lè tẹ̀yìn ọ̀rọ̀ kan jáde bá ṣe wúwo tó, bẹ́ẹ̀ ni kí ìbéèrè wa ṣe pọ̀ tó.

Bí a bá sì ti ṣì í, ká padà gba ọ̀nà tí a gbà lọ. Mo padà sí gúrúùpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, mo kọ ọ́ ní orúkọ mi pé irọ́ ni mo fi ránṣẹ́, pé màmá náà kò mọwọ́mẹsẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn tó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lé ní ogójì. Lọ́jọ́ tí mo tọrọ àforíjì, ènìyàn mẹ́ta ló fèsì. Ibi tí àwọn yòókù gbé àwòrán náà dé, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ṣé mo jẹ̀bi? Ẹ̀yin ará mi, mo gbà pé mo jẹ̀bi. Kì í ṣe pé mo mọ̀ọ́mọ̀ parọ́. Ẹ̀bi mi ni pé ó ṣeé ṣe fún mi láti béèrè, mi ò béèrè. Ìfẹ́ wà nínú ohun tí mo ṣe, ṣùgbọ́n nínú 1 Kọ́ríńtì 13, Pọ́ọ̀lù kò ya ìfẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára òtítọ́, òtítọ́ ló ń múnú ìfẹ́ dùn. Ìfẹ́ tí kò lè ní sùúrù ìṣẹ́jú márùn-ún láti béèrè, ó ṣì kù díẹ̀ fún un.

*Iṣẹ́ tòní:* Ẹ wo iṣẹ́ mẹ́ta tí ẹ fi ránṣẹ́ kẹ́yìn nínú fóònù yín. Ẹ bi ara yín pé, "Ta ló sọ ọ́ fún mi, báwo ni òun náà ṣe mọ̀?" Èyí tí ẹ ò bá rí ìdáhùn sí, ẹ padà lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ẹ fi ránṣẹ́ sí.

*Àdúrà:* Olúwa, dárí jì wá fún gbogbo ọ̀rọ̀ tí a gbé tí a kò yẹ̀ wò. Tu gbogbo ẹni tí ìka wa ti ṣe léṣe nínú, ẹni tí a mọ̀ àti ẹni tí a kò mọ̀. Fún wa ní ìfẹ́ tó ń béèrè kó tó sáré. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ òní á sàn wá o. Bí ẹ bá fẹ́ fi àṣàrò yìí náà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣí Bíbélì yín, kí ẹ wò ó bóyá òótọ́ ni mo sọ.

Èmi ni Ajíhìnrere yín, láti Ifákọ̀.